Máàkì PHE (ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera) kì í ṣe àfojúdá: bí ẹ ṣe lè dán ọmọ 56 wò láàárín táàmù kan

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn táàmù ni ọ̀ràn yìí máa ń bẹ́. Ọ̀gá àgbà ti ní kí gbogbo máàkì wọlé kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Rẹ́jísítà wà lórí tábìlì, orúkọ ọmọ 56 tò síbẹ̀, àyè CA (máàkì àyẹ̀wò inú táàmù) sì ṣófo látòkè délẹ̀. Tísà á wá mú bírò. "Èyí mọ eré sá, 34. Èyí máa ń yọ mí lẹ́nu, 18. Ta tiẹ̀ nìyí? Ẹ jẹ́ n fún un ní 25." Bí ẹ bá rí kíláàsì tí ogún ọmọ ti gba 25 nínú PHE, ogún ọmọ tí tísà ò rántí ojú wọn nìyẹn.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn, aago ni mo fi ń fúnni ní máàkì: ẹni tó bá yára jù ní mítà 100 ló ń gba púpọ̀ jù. Ọmọkùnrin kan gba 38 nínú 40. Nígbà tí ìdánwò dé, mo béèrè ìdí tí a fi ń mú ara gbóná kí a tó sáré. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Kí tísà má bàa nà wá." Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì yẹn kan náà tó máa ń kúnlẹ̀ sí ìlà bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́. Ọwọ́, orúnkún, ìdí, kò sí èyí tó yẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò yá. Mo fún un ní 17. Láti ọdún yẹn ni mo ti yéé fi aago ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí ẹ kọ́ ọmọ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ara tí ìyá rẹ̀ bí mọ́ ọn.

JSS 1 sí 3 ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Ẹni tó ń kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè mú un kó dín in kù.

Ohun tí ẹ máa nílò

Kò sí èyí tó wọ́n nínú wọn:

- Sìkíìmù táàmù yẹn (ètò ohun tí a máa kọ́ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan), ti ìjọba ìpínlẹ̀ yín gan-an.
- Ìwé ńlá kan tí ẹ ó máa gbé lọ sí pápá. Rẹ́jísítà kíláàsì kọ́. Ìyẹn gbọ́dọ̀ wà ní mímọ́.
- Pẹ́ńsù méjì àti rọ́bà ìpawérẹ́. Ẹ má mú bírò dé pápá, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.
- Fèrè, àti fóònù tàbí aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá.
- Eérú tàbí ẹfun láti fa ìlà, àti okùn gígùn tí ẹ ti ta kókó sí ní mítà kọ̀ọ̀kan.
- Ọ̀pá rìléè mẹ́rin. Páìpù PVC tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 30 tó bẹ́ẹ̀.
- Ìwé kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí, 1 sí 14, àti pín-ìn-nì láti fi gún un mọ́ àyà.
- Ike tàbí jọ́ọ̀gì mẹ́rin, ṣíbí tíì mẹ́rin, ọṣẹ, omi, iyanrìn tó mọ́ tó sì gbẹ. Iyanrìn ni mo wí, ẹ ó rí ohun tí a fẹ́ fi ṣe.
- Tísà ẹlẹgbẹ́ yín kan tó lè fún yín ní píríọ́ọ̀dù kan ṣoṣo.

Nọ́ńbà àyà yẹn ló ń gba ẹ̀mí ẹni là. Tí ẹ bá ń wá orúkọ "Ọláwálé" nínú orúkọ 56, ọmọ ti sáré tán kí ẹ tó rí i, àfojúdá náà á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìpele kìíní: ẹ yan ohun mẹ́ta péré

Sìkíìmù kún. Eré ìje wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, oúnjẹ aṣaralóore, àrùn, ìmọ́tótó, ìtọ́jú ẹni tó fara pa. Ẹni tó bá fẹ́ fún gbogbo rẹ̀ ní máàkì kò ní rí ọ̀kankan wò dáadáa. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ mú: ìmọ̀-ọ̀nà ara méjì, ohun ìlera kan tí ọmọ lè fi ọwọ́ ṣe. Èyí tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni ìkúnlẹ̀ ẹni tó fẹ́ sá eré kúkúrú, ọ̀pá gbígbà nínú eré rìléè, àti omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á mú "eré ìje" gẹ́gẹ́ bí ohun kan. Eré ìje fẹ̀ jù. Ìkúnlẹ̀ ni ohun tí ẹ kọ́ wọn, ìkúnlẹ̀ náà ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, kí ẹ wá bi ara yín pé, "Ọjọ́ wo ni mo kọ́ wọn ní èyí?" Bí ẹ ò bá lè dárúkọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ kọ́ ọ tàbí tí ẹ máa kọ́ ọ, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìpele kejì: ẹ kọ àmì tí ojú lè rí

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Nínú ìwé ọ̀pọ̀ tísà ẹ ó rí "ó dára gan-an", "ó dára", "kò dára tó". Ta ló mọ ohun tí "dára" jẹ́? Láàárọ̀ tí ara ẹ̀yin fúnra yín bá yá, gbogbo ọmọ ló dára. Lọ́sàn-án tí oòrùn bá ti mú, kò sẹ́ni tó dára mọ́.

Àmì mẹ́rin ni kí ẹ kọ fún ohun kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun tí ẹ lè dáhùn sí ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Fún ìkúnlẹ̀, tèmi nìyí:

1. Ní "On your marks", ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́yìn ìlà, wọn kò tẹ ìlà mọ́lẹ̀. Àtàǹpàkò ya kúrò lára ìka yòókù.
2. Ní "Set", orúnkún ti kúrò nílẹ̀, ìdí ga ju èjìká lọ díẹ̀, ara dúró láìmì.
3. Kò gbéra kí fèrè tó dún.
4. Nínú ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ara rẹ̀ ṣì tẹ̀ síwájú. Kò nàró lójijì bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Àmì tó bá hàn lẹ́ẹ̀mejèèjì, 2. Tó bá hàn lẹ́ẹ̀kan, 1. Tí kò bá hàn rárá, 0. Àmì mẹ́rin, máàkì 8. Kò sí ibi tí a ti ń ronú bóyá ọmọ "dára". Kíkà la ń kà.

Ti rìléè gba ọgbọ́n díẹ̀, torí ènìyàn méjì ló ni ọ̀pá kan. Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì tí kò mọ nǹkan kan, kí ọ̀pá já bọ́, kí àwọn méjèèjì sì pàdánù. Nítorí náà mo pín àmì sí méjì. Tó bá ń gba ọ̀pá: ó ti ń sáré kí ọ̀pá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ọwọ́ náà kò sì jó kiri. Tó bá ń fúnni: ó fi ọ̀pá sínú àtẹ́lẹwọ́, kò jù ú, ó dúró nínú ojú ọ̀nà tirẹ̀ lẹ́yìn tó ti fúnni, kò gba iwájú ẹlòmíràn kọjá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbà lẹ́ẹ̀mejì, á fúnni lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì pààrọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ nígbà kejì. 8 náà nìyẹn.

Ẹ wo ìwé tí ẹ fi ń kọ́ wọn dáadáa níbí. Ìwé àtijọ́ á sọ pé àyè tí a ti ń gba ọ̀pá nínú eré mítà 100 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mítà 20. Láti 2017 ni òfin àgbáyé ti sọ ọ́ di 30. Ibi tí ọ̀pá wà ni a sì ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ olùsáré wà. Mo ti rí tísà tó fa ọmọ wálẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde, tí ọ̀pá sì ti dé ọwọ́ ẹnìkejì nínú àyè. Ọmọ náà mọ òfin ju tísà lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ọmọ kíláàsì yín kan ní àmì mẹ́rin yẹn láti kà. Tó bá lè fi ara rẹ̀ ṣàfihàn ọ̀kọ̀ọ̀kan láìbéèrè ohun tó túmọ̀ sí, ẹ ti kọ ọ́ tán. Bó bá ní "Sà, kí ni ẹ pè ní 'ara tó balẹ̀'?", ẹ tún un kọ.

Ìpele kẹta: ẹ jẹ́ kí ojú ẹlòmíràn bá yín wò ó

Ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín sí pápá. Ọmọ mẹ́jọ péré. Ẹ̀yin pẹ̀lú ìwé yín, òun pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, kí ẹ jìnnà síra, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìwé méjèèjì síra. Ọmọ mẹ́jọ, àmì mẹ́rin, àyè 32 ni. Bí ẹ bá yàtọ̀ síra ní àyè mẹ́rin, márùn-ún, kò burú. Tó bá ti ju mẹ́fà lọ, ẹ wo àmì tí ìyàtọ̀ náà pọ̀ sí, kí ẹ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ.

Nígbà tí èmi àti tísà Básíìkì Sáyẹ́ǹsì wa ṣe é, àmì kejì ló dà wá rú. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́, òun dúró síwájú. Ẹni tó wà níwájú kò lè rí bóyá ìdí ga ju èjìká lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí mo kọ ló burú. Ibi tí ó dúró sí ni. Látìgbà náà ni mo ti ń fi eérú ṣe àmì ibi tí tísà máa dúró: ẹ̀gbẹ́ ìlà, ìgbésẹ̀ márùn-ún síta.

Ìpele kẹrin: ẹ mọ ara ọmọ kí ẹ tó fọn fèrè

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní táàmù, ẹ fi lẹ́tà kékeré ránṣẹ́ sí àwọn òbí: ṣé ọmọ ní ikọ́ fée? Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS? Ṣé ọkàn rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí wárápá? Ẹ kọ ìdáhùn sí ẹ̀yìn ìwé yín, níbi tí ọmọ mìíràn kò ní rí i. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ sáré títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, kò sì gbọ́dọ̀ wà nínú oòrùn láìmu omi. Àárẹ̀ àti òùngbẹ lè dá ìrora sílẹ̀ sí i lára. Ọmọ oníkọ́ fée ní láti ní ẹ̀rọ ìfàsímú (inhaler) rẹ̀ nítòsí, kì í ṣe nínú àpò tí a tì mọ́ kíláàsì.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba òdo, kò sì gbọ́dọ̀ gba máàkì àánú. Ẹ sọ ọ́ di adájọ́. Òun ni kó máa pe "On your marks", kó máa tọ́ka sí ẹni tó gbéra kí fèrè tó dún, kó sì fi ẹnu ṣàlàyé àmì mẹ́rin bí ó ṣe ń rí wọn lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmì tirẹ̀ náà mẹ́rin, máàkì 8. Ọmọbìnrin kan ní JSS 2 di adájọ́ báyìí, kò sì pẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń sá fún ojú rẹ̀ ju tèmi lọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké mìíràn: tí ààwẹ̀ Rámádánì bá wọ inú táàmù, ẹ má ṣe dán aláàwẹ̀ wò nínú eré sísá lọ́sàn-án, ẹ mú píríọ́ọ̀dù àárọ̀ tàbí kí ẹ dúró dè é. Ọmọbìnrin tó bá sọ pé ara òun kò yá lónìí, ẹ má bi í léèrè níwájú èèyàn. Ẹni tí kò ní bàtà kánfáàsì, ẹ jẹ́ kó bọ́ bàtà, kí ẹ kọ́kọ́ ṣa ìgò àti okúta kúrò lójú ọ̀nà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè dárúkọ àwọn ọmọ wọ̀nyí láìṣí ìwé. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ má tíì fọn fèrè.

Ìpele karùn-ún: ọmọ mẹ́rìnlá, píríọ́ọ̀dù kan

Ìṣẹ́jú 40 ni píríọ́ọ̀dù, ìrìn sí pápá á sì gba márùn-ún níbẹ̀. Bí mo ṣe ń pín in nìyí:

1. Ìṣẹ́jú 5: ẹ jáde, ẹ pín nọ́ńbà 1 sí 14 fún àwọn tó kàn lónìí.
2. Ìṣẹ́jú 7: gbogbo kíláàsì á mú ara gbóná. Ẹ bi ọmọ méjì pàtó léèrè ìdí tí a fi ń ṣe é. (Ẹ rántí ìdáhùn tí mo gbà lọ́jọ́sí.)
3. Àwọn 42 yòókù lọ sí eré tiwọn: okùn fífò, tàbí kí ẹgbẹ́ méjì máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìjábọ́. Ẹ yan olórí fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Olórí gidi ni kí ẹ yàn, ẹni tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.
4. Ìṣẹ́jú 21: àwọn 14 tò ní méjì-méjì. Ẹgbẹ́ méje, lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà 14 ni. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ fún ìgbà kan tó láti sáré mítà mẹ́wàá, láti kọ ọ́ sílẹ̀, àti láti pe méjì tó kàn.
5. Ìyókù fún ìtura ara àti ìpadà sí kíláàsì.

Mítà mẹ́wàá ni mo wí, kì í ṣe 100. Ìkúnlẹ̀ àti ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni a fẹ́ rí. Tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n sáré dé òpin pápá, ó di ìdíje, ojú yín á sì tẹ̀ lé ẹni tó ń borí, bẹ́ẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ló ṣe àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọmọ 56, mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni. Ìkúnlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkẹfà, rìléè láti ìkeje dé ìkẹwàá, kí ọ̀sẹ̀ kọkànlá ṣẹ́ kù fún àwọn tí kò wá. Ẹ rí ìṣòro tó wà níbẹ̀? Ẹni tó kàn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán an wò ju ẹni ọ̀sẹ̀ kẹta lọ. Nítorí náà, nígbà tó bá kan rìléè, ẹ yí i padà: àwọn tó kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ ṣe é. Ẹ sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá tún un ṣe kí táàmù tó parí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú pẹ́ńsù nìyẹn.

Ibi tí a ti máa ń ṣìnà jù: tísà á ní òun á kọ ọ́ nígbà tí òun bá dé yàrá tísà. Kò sí ẹni tó rántí. Kí ẹ tó pe méjì tó kàn, ẹ kọ ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré.

*Àyẹ̀wò:* Nígbà tí agogo bá lù, àyè 56 ni kó kún nínú ìwé yín (ọmọ 14, àmì 4). Tí àyè kan bá ṣófo, ẹ pe ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má ṣe fojú dá a.

Ìpele kẹfà: ìlera, lọ́wọ́ ju lẹ́nu lọ

Ìbéèrè ìlera tí mo ti rí jù ni: "Dárúkọ àǹfààní márùn-ún tó wà nínú ìmọ́tótó." Ọmọ á há a sórí, á kọ ọ́, á sì jáde lọ jẹun láìfọwọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń béèrè pé "Ṣé o máa ń fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?" kò wúlò. Ta ni yóò kọ pé rárá, tí máàkì wà níbẹ̀? Ẹ má ṣe fi máàkì ra irọ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ṣe é. Omi iyọ̀ àti ṣúgà dára fún èyí, torí ìwọ̀n rẹ̀ hàn kedere: omi tó mọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, tí a ré orí ṣíbí náà kó tẹ́jú. Píọ̀ wọ́tà méjì tí a kọ 50cl sí lára ló jẹ́ lítà 1. Gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Àwọn ìwé kan ń fi ìgò wọn omi, ìwọ̀n ṣúgà àti iyọ̀ tiwọn sì yàtọ̀. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má da méjèèjì pọ̀: iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọ kékeré. Kí ẹ sì ti sọ fún wọn pé ORS inú páálí (èròjà omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a ti wọ̀n sílẹ̀) láti ilé oògùn, pẹ̀lú oògùn zinc tí nọ́ọ̀sì máa ń fúnni pẹ̀lú rẹ̀, ló dára jù. Èyí tí a ń pò nílé wà fún ìgbà tí kò sí i.

Ṣúgà fún ọmọ 56 kò kéré lówó. Iyanrìn gbígbẹ ni a ń lò. Ẹ kọ "ṣúgà" sí ara ike kan, "iyọ̀" sí ara èkejì, iyanrìn ló wà nínú méjèèjì. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa po èyí tó jẹ́ gidi, lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo kíláàsì tọ́ ọ wò. Ẹ kìlọ̀ gidi pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mu ti oníyanrìn. Ọmọ JSS 1 lè mu ohunkóhun.

Ọmọ mẹ́rin nídìí tábìlì, ìṣẹ́jú márùn-ún. Àmì:

1. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan nǹkan, láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí.
2. Ó wọn omi, kò fojú dá a.
3. Ó ka ṣíbí dé 6, ó lo ààbọ̀ fún ìkejì, ó sì ré orí rẹ̀.
4. Lórí ìwé pélébé: wákàtí 24 ni omi náà lè lò kí a tó dà á nù, àti ohun kan tó máa mú kí a gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ojú tó jìn wọnú, ẹkún tí kò ní omijé, tàbí kó máa bì gbogbo ohun tó bá mu.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń ṣe èyí, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀. Tó ṣe é fúnra rẹ̀, 2. Tó jẹ́ ìgbà tí mo bi í pé "Ṣé o ti parí?" ló tó rántí, 1. Àmì àkọ́kọ́ kò ní 1 o: ẹni tí mo bá rán létí kó fọwọ́ ti pàdánù rẹ̀. Fún ìkẹrin, ìdáhùn méjèèjì 2, ọ̀kan 1. Ẹgbẹ́ 14 ni gbogbo wọn, píríọ́ọ̀dù inú kíláàsì méjì á gbé e.

Ìdánwò kíkọ ní máàkì 10. Ẹ fi ọ̀ràn ṣe ìbéèrè: "Àbúrò rẹ ya ìgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀. Ìyá ti lọ sọ́jà. Kí ni wàá kọ́kọ́ ṣe, kí ni kò yẹ kí o ṣe?" Ọmọ kan kọ fún mi pé òun ò ní fún un lómi kó má bàa tún yàgbẹ́. Ká ní àǹfààní márùn-ún ni mo béèrè, mi ò bá má mọ̀ láéláé pé ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.

Ìkìlọ̀ kan sí i: àwọn kan máa ń ní kí ọmọ kọ ohun tó jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á wá fún un ní máàkì nítorí èso àti ẹyin. Owó bàbá ọmọ ni wọ́n ń fún ní máàkì yẹn. Ọmọ tó kọ gàrí láàárọ̀ àti gàrí lálẹ́ lè mọ̀ nípa oúnjẹ ju gbogbo wọn lọ. Ìwọ̀n ara náà ńkọ́? Ẹ lè wọn ọmọ fún àkọsílẹ̀ ìlera, níkọ̀kọ̀, àmọ́ kì í ṣe máàkì.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo àmì àkọ́kọ́ ní gbogbo kíláàsì. Tí gbogbo wọn bá gba 2, bóyá ọṣẹ ti wà níwájú wọn jù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún ẹgbẹ́ tó kàn.

Ìpele keje: ìwé ìlù ọkàn

Máàkì 6, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ á fi ìka méjì kan iṣan ọrùn-ọwọ́, á ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà mẹ́ta lóòjọ́: tó bá jókòó jẹ́ẹ́, lẹ́yìn okùn fífò ìṣẹ́jú mẹ́ta, àti lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú méjì. (Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba okùn fífò, kó rìn.) Máàkì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó pé, mẹ́ta fún gbólóhùn tó kọ nípa ohun tó ṣàkíyèsí. Nọ́ńbà gíga tàbí kékeré kò ní máàkì.

Bí ẹ ṣe máa dá ayédèrú mọ̀: gbogbo nọ́ńbà tó wá láti inú ìlọ́po mẹ́rin ní láti ṣeé fi 4 pín láìṣẹ́kù. 72, 76, 80. Ọmọ tó kọ 75 kò ka nǹkan kan, ìjókòó ló jókòó kọ ọ́. Ẹ má tíì sọ fún wọn o, kí ẹ kọ́kọ́ gba ti ọdún yìí.

Ìpele kẹjọ: ẹ ro ó pọ̀

Ìkúnlẹ̀ 8, rìléè 8, omi iyọ̀ 8, ìdánwò kíkọ 10, ìwé ìlù ọkàn 6. 40 ni, ìdánwò òpin táàmù á kó 60. Níbi tí CA bá ti jẹ́ 30, ẹ yọ rìléè, kí ẹ sọ ìdánwò kíkọ di 8. Ọmọ tó gba 6, 7, 5, 8 àti 4 ní 30 nínú 40, ẹ sì lè tọ́ka sí ibi tí mẹ́wàá rẹ̀ ti sọnù.

Ẹ má ṣe yọ máàkì nítorí pé ọmọ pẹ́ dé, kò wọ aṣọ eré, tàbí ó jẹ́ aláriwo. Àyè ìwà wà lọ́tọ̀ nínú ìwé èsì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹni tó gba wúrà ní íńtáháòsì kò gba ohunkóhun kún un níbí, bó ti wù kí ọ̀gá àgbà fẹ́ràn rẹ̀ tó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka iye ọmọ tó ní máàkì kan náà gẹ́lẹ́. Tí nọ́ńbà kan bá ju mẹ́fà, méje lọ, ẹ padà sí ìwé pápá, kí ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ti ń ṣe àfojúdá láìmọ̀.

Ìpele kẹsàn-án: ẹ sọ fún ọmọ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣe é ni kó ti mọ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìwé èsì. Ẹ má sọ nọ́ńbà nìkan. "O gba 3" kò sọ nǹkan kan fún un. "Ọwọ́ rẹ ń tẹ ìlà, o sì ń nàró kíá" ni ohun tó lè gbé lọ sílé.

Wọ́n á wá. Ní àkókò ìsinmi, ọmọ á dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá tísà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ti ń ṣe é nílé, ẹ wá wò ó." Ẹ bá a jáde. Ẹ fi ẹsẹ̀ fa ìlà sórí iyanrìn, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, ìgbésẹ̀ márùn-ún síta. Lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọwọ́ bá ti kúrò lórí ìlà, tí ara sì tẹ̀ síwájú, ẹ mú rọ́bà, ẹ pa 3 rẹ́, ẹ kọ 7.